Mo Sọ Fún Wọn Pé Bàbá Moyọ̀ Wà Ní Ìsinmi

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Arúgbó ni mí. Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ yìí kì í ṣe ìwà èwe. Ewú ti kún orí mi nígbà tí mo ṣe é, gbogbo ènìyàn sì ń pè mí ní bàbá àdúgbò. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ó wúwo tó báyìí.

N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Pásítọ̀ mi kò mọ̀. Ọmọ mi kò mọ̀. Ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an kò mọ̀, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ kí mi títí di àárọ̀ yìí.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín ni pé àwọn tí mo purọ́ fún ń padà bọ̀ ní àdúgbò wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ pé èmi náà ni kí n tún wá jókòó tì wọ́n.

Ìgàndò ni mo ń gbé. Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi kọ́kọ́ ra ilẹ̀ níbẹ̀, igbó ni. A máa ń sọ̀kalẹ̀ lójú títì, a ó wá fi ẹsẹ̀ rìn gba inú oko ẹ̀gẹ́ kọjá. Ìrì á rẹ ṣòkòtò mi dé orúnkún. Ìyàwó mi á bọ́ bàtà rẹ̀ dání, á máa kọrin lọ níwájú mi. Ilé ló kún ibẹ̀ báyìí, ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ariwo jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n bí oorun ọ̀sán bá ti ń kùn mí lórí àga níwájú ilé, oko ẹ̀gẹ́ yẹn á tún padà wá. Màá rí ẹ̀yìn ìyàwó mi láàárín ewé. Ìrì á sì tún rẹ ẹsẹ̀ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí mo bá ń rìn gbéregbère. Bí ọkàn mi ti rí nìyẹn láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú. Mo ń bọ̀ sórí ọ̀rọ̀.

Ilé tó wà lẹ́yìn ògiri mi ni Bàbá Moyọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ gbà. Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n ti kó wá. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọmọbìnrin, Moyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ náà kò lè jókòó fúnra rẹ̀, kò lè rìn, kò sì lè sọ̀rọ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ti bí i nìyẹn. Ọrùn rẹ̀ kò dúró, ẹni tó bá gbé e gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ gbé orí rẹ̀ ró. Ṣùgbọ́n bí ó bá rẹ́rìn-ín, gbogbo ara ló fi ń rẹ́rìn-ín, títí kan ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Ìyá Moyọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan lọ́nà Ìkẹjà. Bàbá Moyọ̀ náà níṣẹ́ tẹ́lẹ̀, fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dúró ti ọmọ náà. Àwọn ọmọọ̀dọ̀ tí wọ́n gbà kò pẹ́ kí wọ́n tó sá lọ. Tọkọtaya náà wá jókòó, wọ́n rò ó. Iṣẹ́ ìyàwó ni owó rẹ̀ ń wọlé lóṣooṣù láìyẹ̀. Ni ọkọ bá ní, "Èmi ni màá dúró sílé." Ó sì dúró.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Láràárọ̀, bí ìyàwó rẹ̀ bá ti jáde, màá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Á dúró kí oòrùn kọ́kọ́ mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó tó gbé ọmọ náà sínú ọpọ́n ìwẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Á fa apá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á fa ẹsẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n ti kọ́ ọ ní ọsibítù. Á sì máa kọ orin kan tí òun tìkára rẹ̀ hun: "Moyọ̀ mi, oòrùn ti dé ojú fèrèsé, dìde ká lọ kí i." Ẹ jọ̀ọ́, ohùn rẹ̀ kò dùn rárá. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ àpótí nílẹ̀. Síbẹ̀ mo máa ń dúró dè é. Màá gbé tíì mi lọ́wọ́, màá sún àga mi mọ́ ògiri. Òórùn ọṣẹ àti òrí á gba òkè ògiri wá bá mi. Kí n tó mọ̀, oorun á ti gbé mi, màá sì gbọ́ ohùn ìyàwó mi nínú ohùn ọkùnrin náà, bí ẹni pé àwọn méjèèjì ń kọ ọ́ pọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Àwọn ènìyàn kò jẹ́ kí ó sinmi o. Alàájì kan wà ládùúgbò wa, ìdílé rẹ̀ ló ta ilẹ̀ fún gbogbo wa. Ọlọ́yàyà ènìyàn ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Lọ́jọ́ kan a dúró níwájú ilé mi, Bàbá Moyọ̀ sì ń sá aṣọ ọmọ rẹ̀ sórí okùn.

"Ìyàwó ilé!" Alàájì kígbe. "Ṣé o ti se ọbẹ̀ de ọkọ rẹ?"

"Mo ti sè é, Alàájì. Ẹ gbé abọ́ yín wá, ìsàlẹ̀ ìkòkò ṣì wà fún yín."

"Hẹn! Ọkùnrin tó ń fọ ìlédìí ọmọ. Ayé ti dorí kodò."

"Ẹ̀yin náà lo ìlédìí rí o, Alàájì. Àbí ẹ̀yin lẹ fọ tiyín fúnra yín?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Alàájì gan-an rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó wá yíjú sí mi. "Bàbá Alákọ̀wé, ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ yìí? Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ lè ṣe é?"

"Èmi kẹ̀?" ni mo dáhùn. "Nígbà tiwa, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọkùnrin á jáde ni jàre."

Mo fi ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan já nínú mi bí mo ti ń sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á, torí bí n kò bá sọ ọ́, ẹ kò ní mọ irú ènìyàn tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Mo lọ sí yunifásítì nígbà tí àwa tí a lọ kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi á rántí. Wọ́n ń tẹ́ ibùsùn fún wa. Wọ́n ń fọ aṣọ wa, wọ́n ń lọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, adìyẹ ni a ń jẹ, a ó sì lá áísìkiriìmù lé e. Ìjọba ló ń sanwó gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó pè é ní ìrànwọ́. Kò sí ẹni tó bi wá bóyá ojú ń tì wá. A tiẹ̀ máa ń ráhùn pé itan adìyẹ kéré. Mo ṣì máa ń lá àlá yàrá ìjẹun yẹn, bí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba fèrèsé gíga wọlé, tí ṣíbí ń dún bí agogo kéékèèké.

Mo jáde, mo ríṣẹ́, mo ń de táì. Mo fẹ́ nọ́ọ̀sì. A bí Kọ́lá. Kọ́lá kò ní àlàáfíà, egungun máa ń ro ó, á máa ké láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgbà tí ó kéré gan-an ni ilé iṣẹ́ wa dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró. Mo wà nílé. Ìyàwó mi ló ń lọ síbi iṣẹ́.

Ó kúnlẹ̀ tì mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní, "Dádì Kọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, mátíróònù kò lè gbà mí láyè mọ́. Bí mo bá tún pa iṣẹ́ jẹ, wọ́n á lé mi. Ẹ̀yin lẹ wà nílé báyìí. Ẹ bá mi dúró ti ọmọ yìí fúngbà díẹ̀."

Mo ní, "Kí aráyé wá máa rí mi, èmi, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn?"

Lọ́jọ́ kejì mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì, mo de táì, mo gbé báàgì mi, mo jáde. Mo ní mo ń wáṣẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, n kò wá iṣẹ́ kankan lọ. Ìyànà Ìpájà ni mo lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn. Àwa tí a kò níṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, gbogbo wa wọṣọ bí òṣìṣẹ́. A ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ orí tábìlì, a ó ka ohun tó wà lójú ìwé láìrà á, a ó máa jiyàn ọ̀rọ̀ ìjọba. Ẹni tó ń tà á á pariwo pé, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má fi ojú jẹ ìwé mi tán o!" A ó rẹ́rìn-ín. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, màá fọ ojú mi, màá wọkọ̀ lọ sílé bí ẹni tó ti ṣe làálàá.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí ìyàwó mi fi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò bá mi jà. Ó fọ aṣọ funfun rẹ̀, ó lọ̀ ọ́ dáadáa, ó ká a sínú àpótí. N kò rí i lára rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Mo ríṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn náà. Kọ́lá kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyá rẹ̀ ló gbé e là á já. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò, kí irú mi wá jókòó lẹ́yìn ògiri, kí n máa gbọ́ ọkùnrin tó ń kọrin fún ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, tí ojú kò tì í.

Lọ́dún tó kọjá ni ìròyìn kàn pé ìjọba fẹ́ ran àwọn ilé kan lọ́wọ́, àwọn ilé tí òbí kan kò lè jáde lọ ṣiṣẹ́ nítorí ọmọ tó ń tọ́jú. Wọ́n á máa rí nǹkan gbà lóṣooṣù, wọ́n á sì máa tọ́jú ọmọ náà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọsibítù. Nítorí àwọn ẹlẹ́tàn, wọ́n ní àgbà kan ládùúgbò kọ̀ọ̀kan ni kó máa jẹ́rìí pé bí ọ̀rọ̀ ilé kan ti rí nìyí. Àdúgbò wa mú èmi. Wọ́n ní mo dàgbà, wọ́n ní mo mọ̀wé, wọ́n ní n kò lè purọ́.

Bàbá Moyọ̀ gbọ́. Ó gbé ọmọ náà wá sílé mi.

"Bàbá," ó ní, "mo mọ̀ pé bí mo bá lọ dúró láàárín àwọn ìyá yẹn, wọn ò ní jẹ́ kí n gbádùn. Ẹ bá mi sọ ọ́. Bó bá ti ẹnu yín jáde, kò sẹ́ni tó máa fi mí rẹ́rìn-ín."

"Fọkàn balẹ̀," ni mo wí. "Wàhálà tán."

Moyọ̀ di ìka mi mú. Kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní, "Ó mọ̀ yín, sà. Ó máa ń gbọ́ ikọ́ yín lẹ́yìn ògiri, á yíjú síbẹ̀."

Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa wá pé. Wọ́n ta kánópì sí pápá ilé ẹ̀kọ́ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ jẹ́jẹ́, oòrùn kò mú. Àwọn ìyá ń bọ́ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá ìbejì, ìyá tí ọmọ rẹ̀ fọ́jú, ìyàwó kan tí gìrì máa ń mú ọmọ rẹ̀. Mo ń jẹ́rìí. "Òótọ́ ni. Mo mọ ilé wọn." Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà á mi orí, ọmọbìnrin kan tó tẹ̀ lé e á tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù ńlá ọwọ́ rẹ̀. Alàájì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń dá gbogbo ènìyàn lẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà bi mí. "Bàbá, a gbọ́ pé ilé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó jẹ́ bàbá ọmọ ló ń dúró sílé?"

Alàájì ti pariwo kí n tó la ẹnu. "Ẹ̀yin náà ti gbọ́! Ìyàwó ilé wa nìyẹn o!"

Ẹ̀rín sọ. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀, sà. Ìyá ni o, bàbá ni o, bákan náà ni lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ ṣáà jẹ́rìí fún wa."

Bákan náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí. Bí ọmọdé yẹn ti sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyìí. Bó bá jẹ́ bákan náà ni, kí ni mo lọ ń wá ní Ìyànà Ìpájà? Kí ló dé tí aṣọ funfun yẹn fi wọ inú àpótí? Gbogbo nǹkan dà bí àlá lójú mi. Mo rí Bàbá Moyọ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbé ọmọ rẹ̀ sáyà, ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ náà. Mo jowú rẹ̀.

Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀. Mo ní, "Irọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Ó wà ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Yóò padà láìpẹ́."

Alàájì wò mí. Ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbà pé mo fẹ́ bo ọmọkùnrin náà láṣìírí níwájú àwọn obìnrin ni, ó sì dákẹ́.

Ọmọbìnrin náà ní, "Ṣé kí n kàn yà síbẹ̀ wò, ọ̀gá? Kò jìnnà."

Ọ̀gá rẹ̀ bínú. "Kí lo fẹ́ lọ wò? Bàbá ti sọ̀rọ̀, ìwọ fẹ́ lọ tú u wò lẹ́yìn wọn? Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé yín nìyẹn?"

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú mi. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò fojú di yín."

Ó ń bẹ̀ mí nítorí pé ó fẹ́ mọ òótọ́. Mo fọwọ́ kàn án léjìká. Mo ní, "Kò sí wàhálà, ọmọ mi." Wọ́n kọjá sí ilé mìíràn.

Nígbà tí wọ́n tú ká, Bàbá Moyọ̀ sáré wá bá mi. "Bàbá, báwo ni?"

Mo ní, "Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀."

Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ wà láyà rẹ̀. Eékún kan ṣoṣo ló lè fi kanlẹ̀.

Mo fi oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ tan ara mi. Mo ní mo dáàbò bo iyì rẹ̀ ni. Mo ní ọkùnrin tó bá ń gba nǹkan ìjọba á ya ọ̀lẹ, èmi tí mo jẹ adìyẹ ìjọba fún odidi ìgbà ẹ̀kọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìkankan gbọ́ nínú rẹ̀. Ìlara ni.

Àwọn ilé tí mo jẹ́rìí fún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìrànwọ́ wọn. Ìyá ìbejì gbé ọsàn wá fún mi. Bàbá Moyọ̀ dúró, ó dúró. Á ní, "Bàbá, wọ́n tún fò wá o." Èmi á mi orí, màá ní, "Ìjọba Nàìjíríà!" Òun náà á ní, "Ìjọba Nàìjíríà, sà!" A ó sì jọ mí ìmí ẹ̀dùn, èmi àti òun.

Owó ilé wọn lọ sókè. Ọsibítù kò ṣeé lọ mọ́. Nígbà tí agbára wọn pin, wọ́n gbé Moyọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkirè, kí bàbá lè ríṣẹ́ ṣe. Kẹ̀kẹ́ akérò ló ń wà báyìí láàárín Ìgàndò àti Ìkọ̀tún. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ náà lọ, mo gbé tíì mi jáde gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo sún àga mọ́ ògiri. Ẹ̀yìn ògiri dákẹ́. Mo sùn. Mo gbọ́ omi tó ń dà nínú oorun mi, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, kì í ṣe tirẹ̀, kì í ṣe ti ìyàwó mi. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyàwó mi kò ti kọrin fún mi mọ́ lójú oorun.

Bí mo bá wọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kì í gba owó lọ́wọ́ mi. "Ẹ̀yin tí ẹ bá wa jà, Bàbá? Ẹ fi sápò." Ní bí oṣù kan sẹ́yìn, mo bi í nípa ọmọ náà. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí ó tó dáhùn. Ó ní ìyá òun ti dàgbà, kò lè gbé e dáadáa, ẹsẹ̀ ọmọ náà ti ń gan. Ó ní, "Wọn kì í gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ mọ́, sà. Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo ní kí wọ́n gbé fóònù sí i létí, mo kọ orin rẹ̀ fún un. Wọ́n ní ó ń yí orí kiri, ó ń wá ibi tí mo wà."

Mo sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Mo ní mo fẹ́ na ẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Kọ́lá pè mí láti òkè òkun, ó sì jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tuntun sùn sí i láyà. Ó ní ìyàwó òun ti padà sẹ́nu iṣẹ́, òun ló kàn láti dúró ti ọmọ, ìjọba ibẹ̀ sì ń fún àwọn ní nǹkan dí i. Mo gbàdúrà fún un. Mo ní inú mi dùn sí i, òótọ́ sì ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin, iṣẹ́ kò jẹ́ kí ẹ ráyè nígbà yẹn."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

Ní báyìí, wọ́n ń padà bọ̀. Bàbá Moyọ̀ ti wá bá mi lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ó ní, "Bàbá, ẹ tún bá wa sọ ọ́. Bí wọ́n bá gbà, màá dá kẹ̀kẹ́ padà fún ẹni tó ni ín, màá sì lọ gbé ọmọ mi wálé lọ́jọ́ kejì. Ìyá rẹ̀ ti fọ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi tí mo há sí. Bí mo bá kàn jókòó síbẹ̀ tí mo ní ọkùnrin yìí yẹ fún ìrànwọ́, wọ́n á ní, "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó níṣẹ́? Òun náà ló ń wa kẹ̀kẹ́ kiri yìí, ọmọ kò sì sí nílé." Ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n á gbà, wọ́n á kọjá lọ. Kò sí ohun tó lè tún un ṣe àfi kí n dìde lábẹ́ kánópì yẹn, níwájú Alàájì, níwájú àwọn ìyá tó ń kúnlẹ̀ kí mi, kí n sọ pé irọ́ ni mo pa, pé irọ́ mi ló lé bàbá jáde nílé, tó sì gbé ọmọ lọ sí abúlé. Bí n kò bá jẹ́wọ́ ti àná, ti òní kò ní dúró.

Mo ti pinnu pé màá sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Ohun tí n kò mọ̀ ni bóyá kí n kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn wọn. Ó tọ́ kí òun àti ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí gbogbo àdúgbò tó gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ, ó lè bínú débi tí kò ní fẹ́ kí n dárúkọ òun mọ́ níbikíbi. Ta ló máa gbé ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ lé ẹni tó tà á lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì? Bí n kò bá sì lọ, tó jẹ́ abẹ́ kánópì ló ti máa gbọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń fi í rẹ́rìn-ín, mo tún ti dójú tì í lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, ẹ̀yin tí ẹ ti dárí ji ènìyàn rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. N kò ní kí ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Kí ó bínú. Kí ó má kí mi mọ́. Kí ìyàwó rẹ̀ bú mi lójú títì, mo gbà. Ẹ ṣáà sọ fún mi ọ̀rọ̀ tí màá sọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí kò fi ní ti ilẹ̀kùn mọ́ mi kí n tó jẹ́rìí fún un. Ẹnu mi ló gbé ọmọ náà jáde nílé, n kò sì rí ẹnu mìíràn tó lè lọ gbé e wá.